Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ìyá kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn abà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìlera láàárín Oǹdó àti Ìdànrè. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ̀kọ gbígbóná wọn ni àwọn tó ń lọ sóko kòkó máa ń mu kí wọ́n tó yà sọ́nà oko. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá bá mi ní mátánítì, wọ́n fa àpótí sún mọ́ mi, wọ́n bojú wo ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, jẹ̀díjẹ̀dí yìí tún ti gbé tirẹ̀ dé o. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń rí." Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń jẹ nǹkan dídùn jù. Wọ́n ní ṣúgà tí àwọn fi ń mu gààrí ni. Mo ní kí wọ́n dín ṣúgà kù, mo fún wọn ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ àti èyí tí wọ́n máa fi pa ojú ìdí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ó lé ní ọdún kan tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dá, á tún padà. Wọ́n tún ń ra agbo lọ́wọ́ alágbo tó máa ń wá lọ́jọ́ ọjà. Mi ò yẹ ìdí wọn wò lọ́jọ́ kan. Mi ò béèrè bóyá ìgbẹ́ wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá ó ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n tún lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán. Wọ́n ń rù, mo sì fi ojú mi rí i, ṣùgbọ́n mo rò pé wàhálà ẹ̀kọ títà ni. Ìgbà tí ikùn wọn wú, tí wọn ò lè yàgbẹ́, tí wọn ò lè só pàápàá, ni a tó sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Jẹjẹrẹ ti dí ìfun ńlá wọn pa. Ó ti dé ẹ̀dọ̀. Wọn ò lò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn.

Kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́bi. Ọmọ wọn obìnrin tilẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níbi ìsìnkú, pé mo dúró ti ìyá òun. Ọpẹ́ yẹn ló dùn mí wọ eegun.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ará oko sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ìfun. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo rò pé mo mọ̀ ni mo ní láti tún kọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn èèyàn wa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kò dára. A máa ń sọ̀rọ̀ sí wọn bí ẹni tí kò mọ nǹkan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fún un lórúkọ kí wọ́n tó bí èmi. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n gbà pé adùn ló ń fà á. Wọ́n mọ agbo rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó ń tà á, wọ́n mọ egbò igi tí wọ́n ń rẹ fún un. Nígbà tí àìsàn bá ti ní orúkọ àti oògùn nínú ilé, kí lẹ fẹ́ kí ẹnì kan tún wá lọ sọ́dọ̀ dókítà? Èmi tí mo lọ sílé ẹ̀kọ́ ìlera náà, orúkọ yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá ẹlẹ́kọ tí n kò fi wádìí kọjá ibẹ̀.

Jẹ̀díjẹ̀dí kì í ṣe irọ́ o. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojú ìdí ni, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń yọ èèyàn lẹ́nu, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í kọ orúkọ ẹni tó rán an sára. Ti jẹ̀díjẹ̀dí àti ti jẹjẹrẹ lè jọra débi pé kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnì kan sì lè ní méjèèjì pọ̀.

Bí jẹjẹrẹ ìfun ńlá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ló mú kí àyẹ̀wò rẹ̀ wúlò ju ti ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn lọ. Kókó kékeré kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ hù lára ògiri ìfun nínú. Kókó yẹn lè wà níbẹ̀ fún bí ọdún 10 kó tó yí padà di jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í tilẹ̀ yí padà. Ní gbogbo àkókò yẹn kì í dunni. Ó lè máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ojú kò ní rí i nínú ìgbẹ́. Tí wọ́n bá rí kókó náà lásìkò, tí wọ́n gé e kúrò, jẹjẹrẹ tí ì bá ti ara rẹ̀ jáde kò ní wáyé mọ́. Lọ́dún 2022, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 èèyàn ni wọ́n rí àrùn yìí lára wọn káàkiri ayé, àwọn tó pa lọ́dún náà sì lé ní 900,000. Mo mọ ẹnì kan tó yẹ kí ó ti bọ́ nínú irú iye bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ ló ń tà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbà lọ. Mo gba àyè lọ́wọ́ pásítọ̀, mo dìde lẹ́yìn ìkéde, mo ní, "Ẹ wá ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun, ọ̀fẹ́ ni." Ẹ ò tíì gbọ́ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá kan fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ọmọ tó gbé sẹ́sẹ̀. Mo ti pe ohun tí wọn kì í pè nínú ilé Ọlọ́run. Mo pín igo kéékèèké tí wọ́n máa fi mú ìgbẹ́ díẹ̀ wá, kí n lè wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba igo tí mo pín lọ́jọ́ náà, èyí tó padà kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọ̀kan nínú àwọn tó padà, inú àpótí ọ̀kadà ni ẹni tó ni ín tọ́jú rẹ̀ sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú oòrùn oṣù kejì. Ooru máa ń ba ẹ̀jẹ̀ inú igo jẹ́, àyẹ̀wò lè wá sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Mo da gbogbo rẹ̀ nù.

Alágbo ló tún iṣẹ́ mi ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a jà nínú ọkàn mi. Lọ́jọ́ ọjà kan, mo kàn lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nídìí àwọn ìgò agbo, mo bá a pọn nínú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí èrò dá, mo ní, "Ìyá Alágbo, àwọn tó ń ra ti jẹ̀dí lọ́wọ́ yín, ṣé gbogbo wọn ni ara wọn ń yá?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ fẹ́ gba ọjà mi ni."

Mo ní rárá. Mo sọ ti ìyá ẹlẹ́kọ fún un, títí kan ipa tèmi níbẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n, oníbàárà òun náà ni wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣọ nu ìgò kan tó mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó wá ní, "Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí mo ti ń fún wọn ni wọ́n ń padà wá. Mo máa ń rò pé wọn kì í gbẹ́nu kúrò lára ṣúgà ni." Irú ohun tí èmi náà ń rò gan-an nìyẹn.

A jọ fẹnu kò pé tí ẹnikẹ́ni bá ti lo agbo ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, tàbí tó bá ń rù, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà, kí ó rán an sí mi lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè bóyá màá máa bú agbo òun lójú wọn. Mo ṣèlérí pé mi ò ní bú u, mo sì pa á mọ́. Láàárín ọdún kan, àwọn tí Ìyá Alágbo rán wá pọ̀ ju àwọn tí ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí kó wá pa pọ̀. Tirẹ̀ gan-an ni igo tó kọ́kọ́ padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wa yẹn.

Mo gbọ́dọ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí, nítorí mo rí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń pò ó pọ̀. Igo wà fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò rí nǹkan kan, tó ti dàgbà tó. Ẹni tó ti ń fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kò nílò igo tó máa sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹni tó yẹ kí dókítà fi ìka wọ ìdí rẹ̀ wò nìyẹn, kí wọ́n sì fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀. Ẹ má fi igo dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Ní ti ọjọ́ orí, ẹni 50 ọdún ni wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́dún 2021 ni ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà nímọ̀ràn ní Amẹ́ríkà fà á wálẹ̀ sí 45. Ẹni tí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní i kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà yẹn rárá. Èmi kì í lé ẹni 45 padà.

Igo náà kò ju ìka lọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ìdérí rẹ̀. Èèyàn á fi igi yẹn gún ìgbẹ́ níbi mélòó kan, á dá a padà sínú omi inú igo, á dé e pa. Ó dà bíi pé kò le, àbí? Ó le fún ẹni tó jẹ́ pé inú oko ló ń yàgbẹ́ tàbí nínú ṣáláńgá tí ìgbẹ́ ti ń já bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá. Ìyàwó ọlọ́kadà kan ló kọ́ mi pé kí wọ́n tẹ́ ewé kókò tó gbòòrò sílẹ̀, kí wọ́n gbọ̀nsẹ̀ sórí rẹ̀, kí wọ́n ká ewé náà nígbà tí wọ́n bá ṣe tán. Láti ọjọ́ náà mi ò sọ̀rọ̀ ike àti bébà mọ́. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni mo máa ń pín igo, tí wọ́n á sì mú un wá fún mi láàárọ̀ ọjọ́ ọjà bí wọ́n bá ti ń kọjá lọ, kí oòrùn tó mú.

Ohun tó tún ń dí wọn lọ́wọ́ tí wọn kì í sọ jáde ni ìbẹ̀rù àwọn ayé. Ta ló ń gbé ìgbẹ́ ara rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, níbi tí wọ́n ti ní èékánná àti irun lásán ni wọ́n fi ń múni? Bàbá àgbàlagbà kan ló là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n níbo lo ń gbé e lọ?" Mi ò gbé e lọ síbì kankan mọ́. Ojú ẹni tó ni ín ni mo ti ń ṣe é. Mo máa ń kán omi igo náà sórí nǹkan pélébé funfun kan, irú èyí tí a fi ń wo ibà, a ó sì jọ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìlà kan, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ìlà méjì, ẹ̀jẹ̀ wà. Àwọn ìyá tó ti gbé ọmọ wá wo ibà mọ ìlà wọ̀nyí dáadáa. Tí a bá ti kà á tán, ẹni tó ni ín á gba igo rẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ sí ṣáláńgá. Wọ́n tún máa ń béèrè ẹran igbó tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná. Àyẹ̀wò àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹran lè tàn án jẹ, ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí, ẹ̀jẹ̀ èèyàn nìkan ló mọ̀.

Àwọn ọkùnrin ló le jù. Ọ̀rọ̀ ìdí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin ń sọ. Ọ̀rọ̀ Pelé ni mo fi mú àwọn àgbà nínú wọn. Gbogbo wọn ló mọ Pelé láti orí rédíò. Mo sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló pa á ní ọjọ́ 29, oṣù kejìlá, ọdún 2022, pé inú àyẹ̀wò tó yẹ kó ti ṣe ṣáájú, tí kòrónà dá dúró, ni wọ́n ti rí i lọ́dún 2021. Àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́kadà ń sọ pé ti àgbà nìyẹn. Mo fi fọ́tò Chadwick Boseman hàn wọ́n lórí fóònù, òṣèré Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Ẹni ọdún 43 ni nígbà tí àrùn kan náà pa á lọ́dún 2020. Ọ̀kan nínú wọn gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́.

Ìyá kan tó ti kọ̀ jálẹ̀ gbà lọ́jọ́ tí ọmọ wọn pè láti London. Ọmọ náà ní, "Màmá, igo yẹn kan náà ni ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí mi nílé." Òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni 50 ọdún títí dé 74 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ní ọdún méjì-méjì, láìgba kọ́bọ̀. Ní Nàìjíríà, a kò tíì ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Owó tí àwọn ọmọ abà wa tó wà ní Èkó dá jọ la fi ń ra tiwa, ó sì máa ń ká mi lára pé abà tó wà lódìkejì odò, tí kò ní ọmọ púpọ̀ ní Èkó, kò rí igo rárá.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ńlá mi kejì ni ẹ̀yìn ìlà méjì. Mo rò pé iṣẹ́ mi ni kí igo padà. Bàbá tó bi mí pé níbo ni mò ń gbé e lọ ni ìlà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní méjì. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe pé wọ́n ní jẹjẹrẹ, pé nǹkan kan ń ṣẹ̀jẹ̀ níbì kan, a ní láti mọ ohun tó jẹ́ ni. Mo kọ lẹ́tà, mo ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan fún kámẹ́rà. Wọn ò jẹ oúnjẹ líle lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n mu omi oògùn tó ń fọ ìfun, wọ́n yàgbẹ́ mọ́jú. Wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n wọ mọ́tò, ẹni ọdún 68 tí inú rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò sí iná, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà kò sì wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n.

Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n jàre mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n fọkàn tán mi, mo wá fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti le jù. Látìgbà náà, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní igo láìbéèrè pé: tí ìlà bá di méjì, ta ló máa tẹ̀ lé yín? Níbo ni owó mọ́tò wà? Èmi fúnra mi ni mò ń pe ibi tí wọ́n ń lọ láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan oògùn tó ń fọ ìfun.

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí Bàbá tó gbà láti tún lọ, síbòmíràn, èmi àti wọn. Wọ́n fún wọn ní oògùn tó mú kí wọ́n tòògbé. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ ni wọ́n gba ìdí tì bọ inú ìfun. Kókó méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n gé méjèèjì kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìla ikùn. Nígbà tí èsì jáde láti yàrá àyẹ̀wò, kò tíì di jẹjẹrẹ.

Bàbá ò tijú rárá. Lábẹ́ igi níwájú ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, wọ́n fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rọ́bà náà fún àwọn ọkùnrin. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin kì í ṣe àgbẹ̀ kòkó ni? Tí èso kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi, ṣé ẹ máa ń dúró kí òjò tún rọ̀ sí i ni?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí èso dúdú kan ń ṣe fún àwọn tó yí i ká. Ọkùnrin mẹ́fà ló gba igo lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì tíì la ẹnu.

Obìnrin kan wà tí ìlà rẹ̀ jáde ní méjì láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ ni, ẹni tó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níbi ìsìnkú. Kò tíì pé 45, ṣùgbọ́n nítorí ìyá rẹ̀ ni mo ṣe mú igo lọ bá a nílé. Ọkọ rẹ̀ ní kò sí owó tí àwọn máa fi wá àìsàn kiri nígbà tí iyàwó òun kò ṣàìsàn. Mo ti rí owó náà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ abà ní Èkó. Mo ti bá ọkọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, Bàbá náà ti bá a sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó béèrè fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ọjọ́ mélòó ni ìyàwó òun máa lò níbẹ̀. Mo ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ọ̀tunla ni ọjọ́ ọjà. Èmi àti Ìyá Alágbo la jọ ń lọ bá wọn nílé.